Iṣẹ́ ayàwòrán ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀: bí aṣòfin bá sùn lọ, ṣé kí n yà á?

Ọmọ Bẹẹrẹ (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbàdàn ni mo ti ń ya fọ́tò jẹun, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ìgbéyàwó, ìsìnkú arúgbó, ìkómọjáde àti ìwúyè ni mo mọ̀ jù, àwọn oníbàárà mi sì ń júwe mi fún ara wọn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n kan tí a pàdé níbi ìwúyè pè mí láti Àbújá pé ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìròyìn ní ọ̀kan nínú ilé méjèèjì tó wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ń wá ayàwòrán, pé kí n kọ̀wé, kí n sì fi ogún àwòrán tó bá dára jù lọ́wọ́ mi sí i.

Mo ti kọ̀wé náà, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ránṣẹ́, nítorí pé ìgbà tí mo ń ṣa ogún àwòrán yẹn ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ẹ̀rín, aṣọ ẹbí, owó níná àti omijé ayọ̀ ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tí ènìyàn ti ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí là mí lóye. Kí ni ayàwòrán ilé aṣòfin ń ṣe gan-an láti àárọ̀ di alẹ́? Irú kámẹ́rà wo ni ó yẹ kí ènìyàn gbé wọ inú gbọ̀ngàn yẹn? Bí mo bá sì ya àwòrán tán, ta ló ni ín?

Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù lọ nìyí. Lóde àríyá, ẹni tó pè mí tó sì sanwó fún mi ni mo ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ìyá ìyàwó bá ń tòògbé nídìí tábìlì, n kì í yà á, bí mo bá sì ṣèèṣì yà á, màá pa á rẹ́ kí n tó kó iṣẹ́ fún wọn. Ilé aṣòfin ńkọ́? Bí aṣòfin bá sùn lọ níbi tí wọ́n ti ń jíròrò lórí ètò ìsúnná orílẹ̀-èdè, ṣé kí n yà á, àbí kí n gbé ojú kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀? Ta ni ọ̀gá mi níbẹ̀?

Àgbà Oní-fọ́tò (Àbújá)

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ yẹn ló yẹ kí o fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ló máa dáhùn gbogbo èyí tó kù.

Kọ́kọ́ padà lọ bi ẹ̀gbọ́n tó pè ọ́ léèrè irú ayàwòrán tí wọ́n ń wá. Oríṣi mẹ́ta ló ń gbé kámẹ́rà kiri nínú ọgbà yẹn, àlejò kì í sì í mọ ìyàtọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ ilé wà, ẹni tí àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ gbà síṣẹ́, tó ní ìpele owó oṣù, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ nítorí pé aṣòfin kan fìdí rẹmi níbi ìdìbò. Ẹni tí aṣòfin kan mú wá gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ara rẹ̀ náà wà. Ọdún mẹ́rin ni sáà, ọjọ́ tí ti ọ̀gá rẹ̀ bá parí ni tirẹ̀ náà parí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé iṣẹ́ ìròyìn tí wọ́n gba káàdì àṣẹ láti wọlé, tí ó jẹ́ pé olóòtú wọn ni wọ́n ń dáhùn fún.

Mo ti ṣe oríṣi kejì fún ọdún méjì kí n tó bọ́ sí ti àkọ́kọ́, mo sì lè sọ fún ọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òde àríyá tí o ti mọ̀. Ọ̀gá tí mo ń tẹ̀ lé nígbà náà, tí n kò ní dárúkọ, fẹ́ràn kí n ya òun láti apá òsì nìkan, kò sì fẹ́ kí orí ẹlòmíràn yọ lẹ́yìn òun nínú àwòrán. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin tí n kò rí owó gbà, mo ti mọ apá òsì ojú rẹ̀ ju ojú bàbá mi lọ. Èmi kò sọ pé iṣẹ́ ẹni tó ń tẹ̀ lé olórí kan ṣoṣo kò níyì o. Gbogbo wa la rí iṣẹ́ tí Bayo Omoboriowo ṣe lọ́dọ̀ Ààrẹ Buhari láti 2015 títí di 2023. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni kámẹ́rà tirẹ̀ ń tẹ̀ lé. Bí o bá di òṣìṣẹ́ ilé, sẹ́nétọ̀ 109 ló wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, aṣojú-ṣòfin 360 ló sì wà ní ìkejì. O kò lè ní ọ̀gá tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ọ̀gá rẹ. Ilé fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ.

Ní ti bí ọjọ́ ṣe ń rí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni ìjókòó ilé máa ń wáyé. Àwọn ọjọ́ tó kù ni àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké ń pe ìpàdé ìtagbangba, tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá kí Abẹnugan, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá wo ilé. Ní alẹ́ ni iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: o máa ṣa àwòrán, o máa kọ orúkọ ẹni tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀, àti ipò rẹ̀, àti ìpínlẹ̀ tó ti wá, àti ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí o yà á, kí o tó fi wọ́n pamọ́ sí ibi méjì ó kéré tán. Bí o bá kórìíra kíkọ̀wé, má ṣe wá.

Nínú gbọ̀ngàn, gbàgbé fláàṣì. Gbàgbé kámẹ́rà tó ń dún “kà, kà, kà” pẹ̀lú, nítorí pé bí gbogbo ilé bá dákẹ́ láti ṣe ìrántí aṣòfin kan tó kú, ariwo kan ṣoṣo láti ọwọ́ rẹ tó láti mú kí 360 orí yíjú sí ọ. Kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú, tí o lè pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ni kí o lò, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 70–200 tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, tó sì ń ṣí dé f/2.8 kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa, àti 24–70 kan fún ohun tó wà nítòsí. Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó débẹ̀: àwọ̀ ewé ló gba gbọ̀ngàn àwọn aṣojú-ṣòfin, àwọ̀ pupa ló gba ti àwọn sẹ́nétọ̀, àwọn àwọ̀ wọ̀nyí sì máa ń ta sára ènìyàn. Aṣòfin tó bá wọ agbádá funfun nínú gbọ̀ngàn àwọn aṣojú, wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ nínú àwòrán, wàá rí i pé ó ti di ewé. Bí o kò bá tún àwọ̀ funfun kámẹ́rà rẹ ṣe nínú gbọ̀ngàn náà gan-an, gbogbo wọn ni yóò dà bí ẹni tí àìsàn ń ṣe.

Mọ ibi tí o lè dúró sí, mọ ibi tí o kò gbọdọ̀ gbà kọjá. Ẹnikẹ́ni kì í gba àárín Abẹnugan àti aṣòfin tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kọjá, ì báà jẹ́ pé àwòrán tó dára jù láyé ló wà ní òdìkejì. Kí o tún kọ́ bí a ṣe ń ka ọ̀pá àṣẹ, ìyẹn ọ̀pá tó wà níwájú Abẹnugan gẹ́gẹ́ bí àmì àṣẹ ilé. Ní oṣù kìíní mi, mo ya àwòrán kan tó wù mí gan-an, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Abẹnugan ń darí ìjókòó ilé. Bàbá kan tó ti pẹ́ ní ọ́fíìsì akọ̀wé ilé pè mí, kò bínú, ó kàn fi ìka lé ọ̀pá àṣẹ nínú àwòrán náà, ó ní, “Wò ó, níbo ló wà?” Ó wà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé e sókè, ilé ló jókòó; nígbà tí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gbogbo ilé ti di ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tó ń yẹ àbá òfin wò ní ìpín-ìpín, ẹni tó jókòó síwájú kì í sì í ṣe Abẹnugan mọ́ ní àkókò yẹn, alága ìgbìmọ̀ ni. Àwòrán mi dára, ọ̀rọ̀ tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ irọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń kọ́kọ́ wo ọ̀pá àṣẹ kí n tó wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2018 fi dùn mí títí di òní. Gbogbo wa la mọ bí àwọn ènìyàn kan ṣe já wọ ìjókòó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní ọ̀sán gangan, tí wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọjọ́ kejì ni àwọn ọlọ́pàá rí i lábẹ́ afárá kan nítòsí ẹnubodè Àbújá. N kò sí nínú gbọ̀ngàn pupa ní ọjọ́ náà. Fọ́nrán àwọn tó ń sá jáde ni ó kún ojú gbogbo ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé mo wà níbẹ̀, orí tábìlì tó ṣófo yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ yà, kí wọ́n tó gbé ọ̀pá àṣẹ mìíràn wá rọ́pò rẹ̀, kí ìjókòó sì tó tẹ̀ síwájú.

Kí n má baà gbàgbé, ọjọ́ tí ilé tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ni kí o múra sílẹ̀ fún jù. Ní 13 oṣù Kẹfà ọdún 2023, gbangba ni wọ́n ti dìbò yan olórí ní ilé méjèèjì. Ní ilé àwọn sẹ́nétọ̀, ìbò 63 ni Akpabio fi borí, Yari ní 46. Ní ti àwọn aṣojú, Abbas ní 353. Wọ́n ń pe orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n bá pè yóò dìde, yóò sọ ẹni tí ó yàn. Bí bátìrì rẹ bá kú nígbà tí wọ́n dé orúkọ kẹtàlélọ́gọ́rùn-ún, kò sí ẹni tí yóò dá wọn dúró dè ọ́.

Ní ti ẹni tó sùn: má wá a kiri, nítorí pé kì í ṣe torí oorun ni wọ́n ṣe gbà ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà nínú àwòrán gbọ̀ngàn tí o yà, tí orí rẹ̀ sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbẹ̀, má pa á rẹ́. Fi sí ibi ìpamọ́, má fi síta.

Ará Pẹ́kàmù (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. N kò ṣiṣẹ́ nílé aṣòfin rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe níhìn-ín, mo sì ti lọ jókòó ní òkè, níbi tí wọ́n ń gba àlejò sí nílé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọdọ̀ ya àwòrán rárá. Ó máa ń ṣe mí bákan láti jókòó ní irú ibi bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Mo ń wo ọmọbìnrin kan nísàlẹ̀ tó di kámẹ́rà mú, tó fara ti ògiri bí ẹni pé wọ́n kùn ún mọ́ ọn, mo sì ń jowú rẹ̀.

Níhìn-ín, àwọn ayàwòrán ilé iṣẹ́ ìròyìn kò láǹfààní láti wọ inú gbọ̀ngàn nígbà ìjíròrò ojoojúmọ́. Ayàwòrán tí ilé fúnra rẹ̀ gbà ló ń yà á, tí ilé sì ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ka ìròyìn nípa ìjà ńlá nílé yẹn ní ọdún 2019, orúkọ kan náà lẹ máa ń rí lábẹ́ àwòrán léraléra nígbà náà: Jessica Taylor. Agbára ńlá ni mo ka èyí sí, nítorí pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà ní gbọ̀ngàn, ibi tí ó bá gbé ojú kámẹ́rà sí ni gbogbo ayé yóò rí.

Ẹ má rò pé ilé yẹn ti fẹ́ràn kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣòfin kan, Sir Benjamin Stone, tó ṣojú ìlà oòrùn Birmingham láti 1895 sí 1910, ló gbé kámẹ́rà ńlá onídígí tirẹ̀ wá, tó ń fa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde sí ẹ̀bá odò Thames lẹ́yìn ilé láti yà wọ́n. Ìta ni ó ti rí wọn yà. Tẹlifíṣọ̀n pàápàá, 1985 ni ó tó wọ ilé àwọn olóyè, ó di 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1989 kí ó tó wọ ilé àwọn aṣojú. Nígbà tí wọ́n sì gbà á, wọ́n ṣe ìlànà fún un. Bí rúgúdù bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé, Abẹnugan ni kí kámẹ́rà kọjú sí. Wọn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ aṣòfin débi tí ènìyàn á fi lè kà á.

Ìlànà tẹlifíṣọ̀n ni mo ń sọ o, ṣùgbọ́n èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ran àbúrò wa lọ́wọ́: ilé kò fẹ́ kí kámẹ́rà di ẹni tó ń dá ìjà sílẹ̀. Kí ó béèrè bóyá wọ́n ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní àkọsílẹ̀ ní Àbújá. Bí kò bá sí, kí ó kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó gbé e fún ọ̀gá ọ́fíìsì rẹ̀ láti fọwọ́ sí, kí ọjọ́ tí ẹnì kan yóò wá pariwo pé “pa á rẹ́” tó dé.

Àwòrán tó wọ̀ mí lára jù láti ilé yẹn kò ní ìjà kankan nínú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, nínú aṣòfin 650, àádọ́ta péré ni wọ́n gbà láàyè kí ó wà nínú gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ láti ilé wọn lórí ẹ̀rọ. Gbọ̀ngàn yẹn, àga 427 ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pé, àwọn kan máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni. Nínú àwòrán àkókò yẹn, ẹ ó rí ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, pẹ̀lú àwọ̀ ewé orí àga tó tẹ́ lọ rẹrẹ láàárín wọn. Ẹni tó yà á kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fà sẹ́yìn, ó sì jẹ́ kí òfìfo náà sọ̀rọ̀. Àbúrò, ìwọ tí o ti mọ́ lára láti máa wá ibi tí èrò pọ̀ sí, èyí ni kí o fi kọ́ ara rẹ.

Ohun kan kù. Láti 2017 ni wọ́n ti ń ya àwòrán àfiṣojú tuntun, ìyẹn àwòrán ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún àwọn aṣòfin, tí wọ́n sì gbé e síta pé ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tó yà á. Àwòrán Kemi Badenoch, ọmọ wa, tó wọlé ní ọdún náà, wà lára wọn. Chris McAndrew ló yà á. Ì bá wù mí kí Àbújá ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo àwọn 469, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè mọ ojú ẹni tó ń ṣojú wọn láìjẹ́ pé ara pátákó ìpolongo ìbò ni wọ́n ti rí i.

Ọmọ Lọ́yà (Ìkẹjà)

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tó kan òfin, nítorí pé àwọn àgbà fò ó.

Àbúrò, ẹ̀tọ́ àdàkọ ni a ń pe ohun tí o ń béèrè, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti sọ ẹni tó lè tẹ àwòrán jáde tàbí tà á. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ni a ń lò ní Nàìjíríà báyìí. Lóde àríyá, bí ẹ kò bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn mìíràn, ìwọ tí o ya àwòrán lo ni ẹ̀tọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà ló sanwó. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ èyí, ọ̀pọ̀ oní-fọ́tò náà kò sì mọ̀. Bí ó bá di iṣẹ́ tí o ṣe lábẹ́ àṣẹ ìjọba, ìjọba ló ni ín. Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá fẹ̀yìn tì, o kò lè kó ogún ọdún àwòrán dání lọ ṣe ìwé tìrẹ láìgbàṣẹ.

Kì í ṣe báyìí ni gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1988 fún ilé aṣòfin ní ẹ̀tọ́ àdàkọ tirẹ̀ gédégbé, àádọ́ta ọdún ló sì fi ń wà lẹ́yìn ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ rárá. Gbogbo ènìyàn ló ni ín. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn kan náà tí wọ́n lawọ́ sí àwòrán tó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ kámẹ́rà nínú gbọ̀ngàn àwọn sẹ́nétọ̀ wọn: 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí a ya àwòrán ilé náà lẹ́nu ìjókòó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ní àṣẹ, ní ọjọ́ tí wọ́n dìbò lórí àdéhùn tó fòpin sí dídán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú afẹ́fẹ́.

Èyí tó kù fún ọ ni orúkọ rẹ. Ẹ̀tọ́ kí wọ́n dá ọ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ya àwòrán yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ àtità. Béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ pé orúkọ rẹ yóò máa wà lábẹ́ àwòrán.

Ìyá Olùpamọ́-ìwé (Òṣogbo)

N kò fara mọ́ ohun tí Àgbà Oní-fọ́tò sọ tán. “Fi sí ibi ìpamọ́, má fi síta.” Ibi ìpamọ́ wo? Mo ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tọ́jú ìwé àti àwòrán fún ọ́fíìsì ìjọba kan kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí ohun tí à ń pè ní ibi ìpamọ́.

Páálí kan wà tí wọ́n gbé fún mi ní ọdún kìíní mi. Òkè ilé tí òjò ń jò sí ni wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti lẹ̀ pọ̀ bí ẹ̀kọ tó dì, ẹ̀gbẹ́ kejì dára. Mo fa àwòrán kan yọ níbẹ̀: àwọn ọkùnrin mẹ́rìndínlógún ní agbádá, lórí àtẹ̀gùn ilé kan, ẹni tó wà láàárín di ìwé kan mú. Agbádá mẹ́rìndínlógún, fìlà mẹ́rìndínlógún. Mo yí i padà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó yà á kọ síbẹ̀ ni iye owó ẹ̀dà kan. Mo gbé e tọ àwọn àgbà lọ fún ọdún méjì, ẹni méjì péré ni wọ́n dá mọ̀.

Ọmọ Bẹẹrẹ, Ìbàdàn lo wà. Lọ sí Agodi, kí o dúró níwájú ilé tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ti ń jókòó, kí o rántí 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962. Aṣòfin kan, Odebiyi, dìde láti dá àbá pé kí ilé fọwọ́ sí Adegbenro gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba dípò Akintola. Kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan, aṣòfin mìíràn, Oke, ti fò sórí tábìlì, ó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè. Àga ń fò. Aṣòfin kẹta, Ebubedike, gbé ọ̀pá àṣẹ, ó ní òun á fi na Abẹnugan, ó tàsé rẹ̀, ọ̀pá náà bá tábìlì, ó sì kán. Tajútajú ni àwọn ọlọ́pàá fi tú ilé ká. Kí oṣù náà tó parí ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì, àwọn ti Adegbenro àti àwọn ti Akintola, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ti ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ gbé àga. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jà á. Ronú sí ohun tí àwòrán méjìlá tí wọ́n to tẹ̀ lé ara wọn, tí aago àti orúkọ wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ì bá ti yanjú.

Nítorí náà, ya ẹni tó ń sùn bí ó bá wà níwájú rẹ, kí o sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i bí o ṣe kọ ti ẹni tó jí. Bóyá kí ó jáde lónìí tàbí kí ó má jáde, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lẹ mọ èyí. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a kò kọ nǹkan kan sí, ó ti jáde tán nínú ìrántí, bó ti wù kí kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì í mọ́ lágbára tó.

Ọmọ Bẹẹrẹ (Ìbàdàn)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n náà padà. Òṣìṣẹ́ ilé ni wọ́n ń wá. Mo sì ti tú ogún àwòrán mi palẹ̀. Mo yọ mẹ́rìnlá kúrò. Mo rántí ìwúyè kan tí àwọn ọmọ oyè méjì kò fẹ́ jókòó ti ara wọn, tí àwọn àgbà ìlú ń bẹ̀ wọ́n nígun ilé kan. Mo yà á nígbà náà, n kò sì fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ti wá a rí nínú ẹ̀rọ mi, ó ti wà nínú ogún náà báyìí. Àná ni mo pe olórí ẹbí wọn láti gbàṣẹ, mo sì gba orúkọ àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kékeré kan ló kù fún Àgbà Oní-fọ́tò: fláàṣì mi méjèèjì ńkọ́, ṣé kí n tà wọ́n fi kún owó lẹ́ǹsì?

Àgbà Oní-fọ́tò (Àbújá)

Ìyá, mo gbà fún yín lórí orúkọ kíkọ. Lórí fífi síta, a ò tíì parí rẹ̀.

Àbúrò, ta ọ̀kan, fi ọ̀kan sílẹ̀. Inú gbọ̀ngàn nìkan ni wọn kò ti fẹ́ fláàṣì. Bí ilé bá ti dìde, àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wá ṣèbẹ̀wò máa ń dúró dè ọ́ ní gbàgede níwájú gíláàsì ńlá kan, oòrùn á wà lẹ́yìn wọn, ojú gbogbo wọn á sì dúdú kirikiri bí o kò bá fi iná sí i. Ogójì ọmọ ni wọ́n lè jẹ́. Gba orúkọ wọn lọ́wọ́ olùkọ́ kí bọ́ọ̀sì wọn tó ṣí.